Bí Ọ̀nà Bá Já: Ìrìn Àwọn Ẹranko Nínú Ayé Tó Ń Yí Padà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ẹyẹ kan ṣí ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún 1822, ní agbègbè Klütz ní àríwá Jámánì, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e nílẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀kọ̀ kan ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ náà wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ju ìdajì mítà lọ ní gígùn. Wọ́n yẹ igi rẹ̀ wò, igi ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ẹyẹ yìí ti jẹ ọ̀kọ̀ ní Áfíríkà, kò kú, ó gbé e lọ́rùn fò kọjá aṣálẹ̀ títí ó fi padà dé ibi tó ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ṣì ń jiyàn lórí ibi tí ẹyẹ ń lọ bí òtútù bá dé. Aristotle ti sọ láyé àtijọ́ pé àwọn kan máa ń sá pamọ́ sínú ihò. Àwọn mìíràn ní ìsàlẹ̀ adágún omi ni wọ́n ń sùn sí. Ọ̀kọ̀ kan ṣoṣo ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹyẹ ọ̀hún ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí dòní, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́rùn.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ju ọ̀kọ̀ náà kò mọ̀ pé ẹyẹ tí òun ń dọdẹ ní ìtẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó ń wo ìtẹ́ náà lọ́dọọdún kò mọ ibi tí àlejò wọn ń lọ. Síbẹ̀, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, ọ̀hún ni wọn yóò ti rí àbájáde rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: ọ̀nà tí ẹranko ń tọ̀ jẹ́ ara ibùgbé rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ara ibùgbé ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí tí kì í rìn rárá. Bí ojú-ọjọ́, ilẹ̀, tàbí omi bá yí padà lójú ọ̀nà yẹn, àwọn tí ìyà rẹ̀ ń jẹ pọ̀ ju arìnrìn-àjò nìkan lọ.

Kí ló ń gbé ẹranko kúrò níbi tó wà? Lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ ni. Koríko ń hù níbi tí òjò bá rọ̀ sí, òjò kì í sì í dúró sójú kan. Kòkòrò ń pọ̀ níbi tí ewé bá ti ń rú, igi kì í sì í rúwé níbi gbogbo lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí oúnjẹ ń dé ibì kan, tó sì tètè débẹ̀, òun ni yóò tọ́ ọmọ yè. Nítorí náà, ìrìn ẹranko jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń lọ. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni mo ń tọ́ka sí yìí.

Ẹyẹ etí omi kan wà tí wọ́n ń pè ní godwit. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì ju ọmọ oṣù márùn-ún lọ gbéra ní Alaska pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lára tó ń fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Ó fò fún ọjọ́ 11 láìbalẹ̀, láìjẹ, láìmu, ó rin kìlómítà 13,560, ó sì bà sí Tasmania, ní gúúsù Ọsirélíà. Kò lè bà lé orí òkun kó sinmi, omi ni yóò gbé e lọ. Kí irú ẹyẹ yìí tó gbéra, ó máa ń jẹun títí ọ̀rá yóò fi tó bí ìdajì ara rẹ̀, ìfun rẹ̀ á sì súnkì kí ẹrù lè fúyẹ́. Mo máa ń ronú lórí èyí. Ẹ̀dá tó ń sọ ìfun ara rẹ̀ di kékeré nítorí ìrìn àjò kò ní àyè fún ìjákulẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá sì ń padà sí àríwá, wọ́n máa ń yà sí etí Òkun Yẹ́lò, láàárín Ṣáínà àti Kòríà, láti jẹun nínú ẹrẹ̀ tí ìgbì ń bò tó sì ń ṣí. Láàárín nǹkan bí 50 ọdún, èyí tó pọ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kó iyanrìn dí láti fi kọ́ ilé-iṣẹ́ àti èbúté. Alaska wà níbẹ̀, Tasmania wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi láàárín ń parẹ́. Ní 2019, UNESCO fi apá kan etíkun Ṣáínà níbẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé nítorí irú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Ìṣírí gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Áfíríkà, kí a wo ohun tí ìrìn kan ń ṣe fún odindi ilẹ̀. Ní Serengeti, ní Tanzania àti Kenya, ẹran kan wà tó jọ màlúù, tó ní irùngbọ̀n gígùn. Wildebeest ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 nínú wọn ló ń tẹ̀lé òjò yíká pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lọ́dọọdún. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest wọ agbègbè yẹn, ó sì pa ẹran ọ̀sìn àti ẹran igbó lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n wá fún màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kúrò lára àwọn ẹran igbó pẹ̀lú. Wildebeest tí kò tó 300,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 lé ní mílíọ̀nù kan kí àwọn ọdún 1970 tó parí.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹran jẹ ọ̀pọ̀ koríko. Koríko tí wọ́n ti jẹ kò sí nílẹ̀ mọ́ láti gbiná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná igbó dínkù. Àwọn igi kéékèèké tí iná máa ń jó run bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, àgùnfọn rí ewé jẹ, ẹyẹ rí ibi kọ́ ìtẹ́ sí. Ilẹ̀ tó ń tú èéfín sójú ọ̀run wá di ilẹ̀ tó ń fa èéfín mọ́ra sínú igi àti erùpẹ̀. Abẹ́rẹ́ màlúù ló bí gbogbo èyí! Ẹni tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ kò ro ti igi rárá.

Ìtàn náà kò tíì tán. Àwọn ẹran yìí gbọ́dọ̀ sọdá odò Mara, omi a sì máa gbé ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ka òkú wọn láti 2001 sí 2015, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 6,250 ló ń kú sínú odò náà lọ́dún kan, bí a bá pín in dọ́gba. Ó dunni láti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń jẹun níbẹ̀: ọ̀nì, igún, ẹja, ìdin. Ẹran ara wọn ń jẹrà tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n eegun wọn ń gba nǹkan bí ọdún méje kó tó yòrò, gbogbo ìgbà yẹn ló sì ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú omi díẹ̀díẹ̀, èyí tí àwọn ewéko inú odò ń fi ṣe oúnjẹ. Koríko tó hù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ jíjìn ló di ẹja nínú odò. Bí ìrìn náà bá dáwọ́ dúró, odò gan-an yóò di òmíràn. Ní ẹ̀gbẹ́ Kenya, níbi tí wọ́n ń pè ní Loita, ọgbà wáyà ti ń pọ̀ sí i káàkiri ilẹ̀ tí ẹran ń gbà kọjá, àwọn wildebeest tó máa ń ti ibẹ̀ wá sí Mara sì ti dínkù gidigidi.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ẹyẹ kékeré dúdú-àti-funfun kan wà tí ń lo ìgbà òtútù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó sì ń padà lọ bímọ ní Netherlands nígbà ìrúwé. Bí gígùn ọ̀sán àti òru ṣe ń yí padà ló fi ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti gbéra. Gígùn ọ̀sán kì í yẹ̀, bí ó ti wà láti àtètèkọ́ṣe náà ló wà. Ṣùgbọ́n ìgbà ìrúwé ní Yúróòpù ti ń tètè dé sí i nítorí ooru. Ewé igi óákù ń tètè yọ, ìdin àfòpiná tó ń jẹ ewé náà ń tètè pọ̀, ó sì ń tètè tán. Ẹyẹ tó wà ní Áfíríkà kò lè gbọ́ ìròyìn yìí. Ó dé ní ọjọ́ tí àwọn baba rẹ̀ máa ń dé, ó yé ẹyin, ó pa á, àwọn ọmọ yanu, ìdin sì ti lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé ní àwọn igbó tí ìdin ti ń tètè tán jù, ẹyẹ yìí dínkù ní nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín 20 ọdún. Ní ibi tí ìdin ti ń pẹ́ dé, wọn kò dínkù tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó gé igbó náà. Kò sí ẹni tó yìnbọn. Ìpàdé ló yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ mìíràn tún wà tí n kò lè fò kọjá. Knot ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ kan ń bímọ ní Taimyr, ní òkè téńté Síbéríà, ó sì ń lo ìgbà òtútù ní Banc d'Arguin, ní etíkun Mauritania. Ní Taimyr, yìnyín ń yọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tó ń yọ́ ní 30 ọdún sẹ́yìn. Kòkòrò ń pọ̀ kí àwọn ọmọ ẹyẹ tó pa. Nítorí èyí, àwọn ọmọ náà kò jẹun tó, wọ́n dàgbà pẹ̀lú ara kékeré àti àgógó kúkúrú. Ẹni tó bá wò wọ́n ní Síbéríà lè sọ pé kò burú, ṣebí wọ́n yè, ṣebí wọ́n fò lọ. Mauritania ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ gidi níbẹ̀ ni àwọn ẹran oníkarawun tó rì sínú iyanrìn. Àgógó kúkúrú kò kàn wọ́n. Wọ́n wá ń jẹ gbòǹgbò koríko òkun, oúnjẹ tí kò lára, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú kí ọdún tó yípo. Ìwádìí yìí jáde ní 2016, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dáàbò bo ibì kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n. Ẹ lè tọ́jú etíkun Mauritania bí ẹyin ojú, kí ẹyẹ tó ń gbé ibẹ̀ máa kú nítorí yìnyín tó yọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí ibẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, gbèsè sì ń tọ ọ̀nà bọ̀.

Àwọn ẹ̀dá kan kì í padà wá mọ́, wọ́n ń kó lọ pátápátá ni. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbóná, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ń sún sí apá òpin ayé níbi tó tutù, tàbí kí wọ́n gun òkè. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé ìsún náà tó kìlómítà 16.9 láàárín ọdún mẹ́wàá, àti mítà 11 sókè láàárín ọdún mẹ́wàá. Inú òkun, ó yá ju èyí lọ dáadáa, nítorí kò sí odi nínú omi. Ẹnìkan lè rò pé ìyẹn dára: ṣebí bí ilé bá gbóná, èèyàn a jáde síta. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kì í jọ kó lọ. Labalábá lè sún lónìí kí ewéko tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ dúró sí ẹ̀yìn fún ogójì ọdún. Ẹ fojú inú wo abúlé kan tí alágbẹ̀dẹ kó lọ lọ́dún yìí, tí àgbẹ̀ kó lọ lẹ́yìn ogún ọdún, tí kànga kò sì lè kó lọ rárá. Kì í ṣe abúlé kan náà ló dé ibi tí wọ́n lọ.

Òkè pẹ̀lú ní òpin. Ní Perú, òkè kan wà tí ń jẹ́ Cerro de Pantiacolla. Àwọn onímọ̀ ka ẹyẹ tó wà níbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé orí ní 1985, wọ́n sì tún padà kà wọ́n ní 2017. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti gun òkè sí i. Àwọn mélòó kan tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ ní 1985, wọn kò rí wọn mọ́. Ẹni tó wà ní ṣóńṣó òkè, ibo ni yóò tún gùn?

Ní etíkun Tasmania, ìṣòro náà gba ọ̀nà òdìkejì wọlé: àlejò ló dé. Ẹran omi kan wà tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀ bí òòrẹ̀, tó máa ń gbé ní etíkun New South Wales. Ọmọ rẹ̀ kò lè dàgbà nínú omi tó bá tutù ju ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 12 lọ. Nígbà tí ìṣàn omi gbígbóná láti àríwá túbọ̀ ń nasẹ̀ sí gúúsù, ó gbé àwọn ọmọ náà dé Tasmania, omi ibẹ̀ sì ti móoru tó fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn ewé òkun gíga tó dà bí igbó lábẹ́ omi. Ibi tí wọ́n bá jẹ dé, àpáta lásán ló ń kù, ẹja àti edé tó ń sá pamọ́ sínú ewé náà a sì tú ká. Edé ńlá, irú èyí tó lè pa ẹlẹ́gùn-ún yìí jẹ, àwọn apẹja ti kó wọn púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru ṣílẹ̀kùn, àwa èèyàn sì ti kó ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ.

Igi ńkọ́? Igi kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n igi ń rìn. Inú ẹranko ló ń gbé rìn. Ẹyẹ jẹ èso, ó ya á síbòmíràn. Erin gbé hóró ńlá mì, ó rin ìrìn ọjọ́ mélòó kan, ó sì fi ìgbẹ́ gbìn ín. Àdán ńlá aláwọ̀ koríko gbígbẹ tó wà káàkiri Áfíríkà lè gbé hóró èso kan tó kìlómítà 75, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ghana ti fi hàn. Àdán yìí kan náà ló ń kóra jọ sí Kasanka ní Zambia láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, iye wọn a sì pọ̀ lọ jàra. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé igbó ń fò lórí wọn lóru, wọn kò kàn rí i ni. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nítorí àwọn ẹyẹ àti ẹranko afọ́mọlóyàn tó ti dínkù, agbára tí igi eléso ní láti sún tẹ̀lé ojú-ọjọ́ tó ń yí padà ti lọ sílẹ̀ ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri ayé. Ìgbà tí igi nílò ẹsẹ̀ jù ni a ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Igi fúnra rẹ̀ sì ń fi ebi pa àwọn tó ń gbé e. Ní Lopé, ní Gabon, àwọn igi kan nílò òru tó tutù díẹ̀, tí kò tó ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 19, kí wọ́n tó lè yọ òdòdó. Irú òru bẹ́ẹ̀ ń ṣọ̀wọ́n sí i. Láti 1986 dé 2018, àǹfààní láti rí èso pípọ́n lórí igi tí àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ níbẹ̀ já wálẹ̀ ní ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn erin inú igbó yẹn sì rù. Nínú igbó tí wọ́n ń dáàbò bò dáadáa ni o!

Ọ̀rọ̀ odi àti ọgbà kò ní gùn lẹ́nu mi, nítorí ojú gbogbo wa ló tó o. Ní Botswana, wọ́n na ọgbà wáyà gígùn láti ya màlúù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹfọ̀n nítorí àrùn. Nígbà ọ̀dá 1983, wildebeest tó ń lọ sí ibi omi dé ẹ̀bá ọgbà náà, wọn kò rí ọ̀nà gbà, òùngbẹ àti ebi sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ohun tí n kò mọ̀ títí mo fi di àgbà ni pé èèyàn ń dènà fún ẹranko láìsí wáyà kankan. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ẹran 803, ti ẹ̀yà 57, jọ ní 2018, wọ́n sì rí i pé níbi tí iṣẹ́ èèyàn bá ti pọ̀, ìrìn wọn kì í ju ìdajì tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí wọ́n ń rìn níbi tí èèyàn kò sí. Ní ọdún yẹn kan náà, ìwádìí mìíràn lórí ẹ̀yà 62 fi hàn pé ẹran tó ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sọ́sàn-án àti òru dọ́gba ti ń ṣe ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lóru nítorí ìbẹ̀rù wa. A lé wọn kúrò lórí ilẹ̀, a tún ń lé wọn kúrò nínú ọ̀sán.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn àdán Ọsirélíà, nítorí ó fi hàn pé ìrìn tó dúró lè léwu ju ìrìn tó ń lọ. Àwọn àdán ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń kiri láti igbó kan sí òmíràn, wọ́n ń tẹ̀lé òdòdó igi yùkálíptọ́ọ̀sì. Wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú igbó tó máa ń yọ òdòdó nígbà òtútù. Àwọn àdán kò rí ohun tí wọn yóò tẹ̀lé mọ́, wọ́n pín sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n ń gbé nítòsí oko àti ìlú níbi tí oúnjẹ díẹ̀ ti wà nígbà gbogbo. Kòkòrò àrùn Hendra wà lára wọn. Ebi ń pa wọ́n, ara ń ni wọ́n, wọ́n ń tú kòkòrò náà sílẹ̀ sí pápá ẹṣin, ẹṣin ń kó o, èèyàn ń kó o lára ẹṣin. Ní 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, ní Brisbane. Àwọn onímọ̀ tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí fún nǹkan bí ọdún 25, èsì wọn sì jáde ní 2022. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ló yẹ ká gbé sọ́kàn: ní gbogbo ọdún tí ìyókù igbó náà bá yọ òdòdó dáadáa nígbà òtútù, àwọn àdán a kó kúrò nítòsí ẹṣin lọ síbẹ̀, àrùn náà kì í sì í kàn ẹṣin kankan lásìkò yẹn. Òdòdó igi ló ń dáàbò bo èèyàn.

Ǹjẹ́ ọ̀nà tó ti já lè so padà? Ó sinmi lórí ẹni tó ń tọ̀ ọ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn àgùntàn orí òkè tí ìwo wọn ká kọ̀rọ̀ lọ sí àwọn òkè tí irú wọn ti kú tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dúró sójú kan. Wọn kò mọ ibi tí koríko tútù wà nígbà wo. Ó gba nǹkan bí 40 ọdún kí ọ̀pọ̀ wọn tó máa ṣí kiri bí àwọn baba ńlá wọn. Ti ẹran moose, irú àgbọ̀nrín ńlá kan, gba nǹkan bí 90 ọdún. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ, ọmọ a fi kún un, a tún kọ́ tirẹ̀. Ogún ni ọ̀nà náà. Bí wọ́n bá pa agbo kan run, ìmọ̀ tí wọ́n ti kó jọ fún ìran mélòó kan ti bá wọn lọ, a kò sì lè fi ọkọ̀ gbé e padà wá.

Ti sébírà yàtọ̀. Ní Botswana kan náà, ọgbà kan dènà ọ̀nà láti Okavango sí Makgadikgadi láti 1968 sí 2004. Kò sí sébírà kan tó lè pẹ́ láyé tó 36 ọdún nínú igbó. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tú ọgbà náà, kò pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi rí àwọn sébírà lójú ọ̀nà yẹn, tí wọ́n ń rin ohun tó lé ní kìlómítà 500 lálọ àtàbọ̀. Ní Banff, ní Kánádà, wọ́n kọ́ afárá tí wọ́n gbin koríko àti igi sí kọjá lórí ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n sì la ihò sábẹ́ rẹ̀. Ìkọlù ọkọ̀ àti ẹranko dínkù ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Béárì gba ọdún mélòó kan kí wọ́n tó fọkàn tán afárá náà. A ní láti ní sùúrù fún wọn.

Èyí tí mo fi ń dákẹ́ ni ti odò Klamath, láàárín Oregon àti California. Ẹja salmon a máa ti òkun gun odò yẹn lọ sí ibi tí wọ́n ti bí i, láti yé ẹyin kó tó kú. Béárì ń jẹ ẹ́, idì ń jẹ ẹ́, òkú rẹ̀ a sì máa di ajílẹ̀ fún igi etí odò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n sé odò náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó fi mọ́ àwọn Yurok àti Karuk, ja ìjà ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó tú u. Ní 2024, ìsédò mẹ́rin ti kúrò nílẹ̀ tán. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, kò tíì pé oṣù méjì tí iṣẹ́ náà parí, àwọn òṣìṣẹ́ ẹja ní Oregon rí salmon nínú odò kékeré kan kọjá ibi tí èyí tó wà lápá òkè odò jù nínú ìsédò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà tẹ́lẹ̀. Láti 1912 ni irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò ti débẹ̀ mọ́. Kò sí ẹja kan láàyè tó ti dé ibẹ̀ rí. Omi ṣí, wọ́n sì gòkè lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín.